Lẹ́tà sí Àjàní lórí ilẹ̀ tó fẹ́ rà

Iléṣà.

Àjàní ọmọ mi,

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o fi fóònù jẹ́ fún mi, pé alárinà kan ti fi àwòrán pulọ́ọ̀tì méjì hàn ọ́ lójú ọ̀nà Òṣú, ó sì ní kí o fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Inú mi dùn pé o ń ronú ilé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ ní Èkó ni kì í rántí Iléṣà àfi bí ọdún Ìwúde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì san kọ́bọ̀.

O kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ ṣẹlẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ gidi ló tà á fún un, ó sì gba rìsíìtì, ṣùgbọ́n ìdí-igi mẹ́ta ni ẹbí náà ní, ọ̀kan ṣoṣo ló sì mọ̀ sí owó yẹn. Ní ọdún kẹta, ìdí-igi méjì yòókù dé pẹ̀lú olórí ẹbí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn léèrè. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ìtà náà lójú òfin, àti pé bí olórí ẹbí pàápàá bá dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ìdí-igi, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bàbá rẹ kò ní agbára ẹjọ́. Ó tún owó san.

Síbẹ̀, à bá tún ti pàdánù rẹ̀ lẹ́yìn náà bí kì í bá ṣe ti obìnrin kan tó ń gbin gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí bàbá rẹ kì í kọjá láìkí. Òun ló ránṣẹ́ sí wa pé àwọn àjèjì ń fi okùn wọn ilẹ̀ náà, òun náà ló sì fi ojú ibi tí pèrègún ààlà wà hàn wá, lẹ́yìn tí katakata ti hú u. Nítorí náà, kí o tó béèrè iye owó, béèrè ẹni tí yóò bá ọ pààlà.

Ìwé náà ní àyè tirẹ̀. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kí o gbé lọ, kì í ṣe èyí tí alárinà bá fà kalẹ̀ fún ọ, kí o sì jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì ẹbí nìkan kò tó; C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ṣì ń bẹ níwájú. Bí wọ́n bá sì mú ọ lọ sí apá Ìtagunmodì, wádìí ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà dáadáa, nítorí ti ìjọba àpapọ̀ ni wúrà abẹ́ ilẹ̀, ihò rẹ̀ nìkan ni yóò kù fún ọ.

Bí o bá rà á tán, má ṣe to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin síbẹ̀ kí o sì wábi gbà. Ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀ yóò máa dá owó ọlọ́dẹ, owó tíráńsífọ́mà àti ti ojú ọ̀nà. San tìrẹ kódà kí o tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí o sì máa yọjú sí ìpàdé nígbà tí o bá wálé; mo mọ̀ pé ariwo wọn máa ń pọ̀. Ẹni tí wọn kò mọ ojú rẹ̀, ta ni yóò ránṣẹ́ sí i bí okùn bá tún dé?

Wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti bá àbúrò bàbá rẹ sọ̀rọ̀, yóò tẹ̀ lé wa lọ bá olórí ẹbí náà láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ó tó lọ sóko. Obìnrin elégbágùúdá yẹn ti dàgbà gan-an báyìí. Ra búrẹ́dì bọ̀ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ.