Má jẹ́ kí owó bébà wọ́n ọ nílé

Àkànní ọmọ mi,

Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé láti ìgbà tí o ti dé Èkó, o kì í mú owó bébà dání mọ́, pé fóònù ti tó ọ. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Inú ọgbà yunifásítì lo wà ní Fẹ́búárì ọdún 2023, o ò mọ bí ojú ṣe rí níbí. A ti kó 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ fún báńkì bí ìjọba ṣe wí, tuntun ò sì yọjú. Owó la fi ń ra owó. Kí n tó rí 10,000 gbà lọ́wọ́ oní-POS kan ní Bódìjà, 2,000 ni mo san lé e.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù yẹn, ara ìyá àgbà gbóná bí iná. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ olóògùn, mo fi 3,400 ránṣẹ́ sí i. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú mà, kò tíì wọlé." Ó ń tẹ fóònù, èmi náà ń tẹ tèmi, oògùn wà lórí tábìlì láàárín wa, n ò lè mú un. Ó lé ní wákàtí kan. Ìyá aláta tó pàtẹ síwájú ibẹ̀ ló tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ka igba náírà mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, àwọn àtijọ́ tí ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí á tún máa ná. Owó tó ti rún wómúwómú! Òun la fi ra oògùn. Ọjọ́ kẹta ni báńkì tó dá tèmi padà.

Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Mẹ́ta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí á máa ná owó àtijọ́ lọ, ara sì rọ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé.

N ò ní kí o pa fóònù tì. Èmi náà ń gba tíránsífà níṣọ̀, ẹ̀rù jàgùdà ò sì bà mí mọ́ bí mo bá ń lọ sílé lálẹ́. Má kó owó rẹpẹtẹ sílé. Olè ń bẹ, ọ̀wọ́n ọjà sì ń jẹ ẹ́ níbi tó wà. Èyí tí yóò gbé ọ dé ilé, tí yóò bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò ra oògùn, ìyẹn ni mo ní kó má wọ́n ọ. Kó sì jẹ́ wẹ́wẹ́. Ta ni yóò ṣẹ́ 1,000 fún ọ nínú dánfó ní aago mẹ́fà àárọ̀?

Gààrí tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ, wo ìsàlẹ̀ àpò náà. 20,000 wà níbẹ̀, igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà nìkan, ọ̀rá méjì ni mo fi wé e. Má fi ra dátà o. Pè mí tó bá ti dé ọwọ́ rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Ìbàdàn.