Lẹ́tà sí àbúrò mi tó kọ constructor òfìfo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìdájí ni mo tó rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣèyọnu mọ́ o, mo ti yanjú ẹ. Mo kàn kọ constructor òfìfo kan sí i ni.” Ìdánwò tí o ń kọ fún OrdersController rẹ ni o ń sọ. Constructor ni apá kóòdù tó máa ń gba ohun tí nǹkan nílò kí ó tó dìde; òfìfo ni èyí tí kò béèrè ohunkóhun. Oorun dá lójú mi. Mo rò ó láti pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ti orí fóònù lọ, mo sì fẹ́ kí o lè máa padà kà á.

OrdersController tí o fi hàn mí jẹ́ controller, apá ètò tó ń dá ìbéèrè oníbàárà lóhùn, ó sì ń béèrè nǹkan mẹ́ta kí ó tó lè dìde: IOrderService (tó ń bójú tó ohun tí oníbàárà rà), ILogger (tó ń kọ àkọsílẹ̀) àti UserManager (tó ń bójú tó àwọn oníṣe). Tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, ASP.NET Core, irinṣẹ́ tí a fi kọ́ ètò wẹ́ẹ̀bù náà, fúnra rẹ̀ ló ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fún un. O kì í rí wàhálà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbàgbé pé ẹnì kan ń ṣe é. Nínú unit test, ìdánwò tó ń yẹ ẹyọ kóòdù kan wò lóun nìkan, kò sí ẹni tó ń bá ọ kó nǹkan kan. Ìwọ lo ń pe controller náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. O kọ new OrdersController(), o kò fi ohunkóhun sáàárín àkámọ́, ni compiler (ètò tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) bá gbé àṣìṣe CS7036 sí ọ lójú.

Ṣé o rántí ìgbà tí a lọ ṣe ìdána ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní Abẹ́òkúta? Alága ìjókòó mú ìwé jáde, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: iṣu, oyin, obì, orógbó, ataare. Nígbà tó dé orí oyin, oyin kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jà. Wọ́n dárúkọ ohun tó kù, bàbá wa rán ọ lọ sínú ọkọ̀, o gbé e wá. Ohun tí CS7036 ń ṣe náà nìyẹn. Tún un kà dáadáa: orúkọ ohun àkọ́kọ́ tí o kò mú wá wà nínú rẹ̀, orúkọ controller tó ń béèrè rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tí o bá fún un tán, á dárúkọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ìwọ ṣe lánàá ni pé o fa ìwé àwọn àna ya.

Wo ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Constructor òfìfo kò fi nǹkan kan sínú _orderService, ibi tí controller ń tọ́jú IOrderService sí, nítorí náà null, ìyẹn àìsí ohunkóhun, ló wà níbẹ̀. Ìdánwò tí kò bá kan iṣẹ́ yẹn á yege, èyí tó bá kàn án á ṣubú pẹ̀lú NullReferenceException (àṣìṣe lílo ohun tí kò sí), láàárín action, ìyẹn iṣẹ́ inú controller tó ń dáhùn ìbéèrè, níbi tó jìnnà sí orísun ọ̀rọ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé controller rẹ ti ní constructor ìta gbangba méjì báyìí. Nígbà tí ìbéèrè gidi bá dé, ASP.NET Core á bá méjì níbi tó yẹ kó ti bá ẹyọ kan, á sì kọ̀ láti yan ọ̀kan: “Multiple constructors accepting all given argument types have been found.” Ìdánwò rẹ á yege, ojúewé tí oníbàárà ṣí á gbé àṣìṣe 500 jáde. A kọ ìdánwò kí ó lè ṣọ́ kóòdù. Kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ ba kóòdù jẹ́.

O lè fẹ́ kọ new OrdersController(null, null, null) dípò. Mo ti ṣe é rí. Action tí mo ń dán wò máa ń dá BadRequest (ìdáhùn pé ìbéèrè náà kò dára) padà kí ó tó dé orí iṣẹ́ inú rẹ̀, torí náà gbogbo rẹ̀ yege fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ kan ẹlẹgbẹ́ mi gbé ìlà tó ń lo iṣẹ́ náà sókè, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdánwò bíi ogún wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odindi ọjọ́ kan ló fi wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Títí di òní ó ń dùn mí.

Nítorí náà, kó ẹrù náà pé. Fún IOrderService, lo Moq, irinṣẹ́ tó ń ṣe aṣojú fún ìdánwò: kọ new Mock<IOrderService>(), kí o sọ ohun tí o fẹ́ kó dáhùn, kí o wá fi .Object rẹ̀ lé controller lọ́wọ́. Mock ló ń ṣètò aṣojú tó ń jókòó sípò ohun gidi, ṣùgbọ́n .Object ni aṣojú fúnra rẹ̀. Tí o bá gbàgbé rẹ̀, compiler á ní irú méjì náà kò bára mu. Má ṣe mock ILogger rárá. NullLogger<OrdersController>.Instance wà nílẹ̀, ó tó.

UserManager ni ibi tó le, mo sì fura pé òun ló tì ọ́ dé ìdí constructor òfìfo. Class ni, ìyẹn kóòdù tó ní iṣẹ́ nínú, kì í ṣe interface tó kàn jẹ́ àkójọ orúkọ iṣẹ́. Aṣojú class máa ń jogún class náà ni, nítorí náà constructor òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ti UserManager sì ń béèrè nǹkan mẹ́sàn-án. Tí o bá kọ Mock rẹ̀ lásán, compiler ò ní sọ nǹkan kan, ìgbà tí o bá pe .Object ni wàá rí “Could not find a parameterless constructor” (kò rí constructor tí kò béèrè ohunkóhun). Class tí o ń mock ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí, kì í ṣe controller rẹ. Sáàárín àkámọ́ Mock ti UserManager, fi .Object ti Mock<IUserStore<AppUser>> sípò kìíní, kí o fi null mẹ́jọ tẹ̀ lé e. IUserStore nìkan ni kò gbọdọ̀ jẹ́ null nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni o ń fi UserManager ṣe nínú controller yẹn? Mo wò ó: FindByIdAsync (wíwá oníṣe pẹ̀lú ìdánimọ̀ rẹ̀) nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ interface kékeré tìrẹ tó ní iṣẹ́ kan yẹn, kí controller máa béèrè òun. Mock rẹ̀ á di ìlà kan.

Ohun kékeré kan kù. Tí controller bá ti dìde tán, tí User, ìyẹn oníṣe tó fi ìbéèrè ránṣẹ́, ṣì jẹ́ null, má padà sídìí constructor. Inú ControllerContext rẹ̀ ni kí o fi DefaultHttpContext, aṣojú ìbéèrè wẹ́ẹ̀bù, sí.

Jọ̀wọ́, yọ constructor òfìfo yẹn kúrò kí o tó push (fi kóòdù náà ránṣẹ́) lónìí. Tí nǹkan kan bá tún pọ́n lójú rẹ, ya àwòrán àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí mi lódindi, má gé ìdí rẹ̀ kù, torí ibẹ̀ ni orúkọ ohun tó kù máa ń wà. Màá wà lójúfò títí di aago mọ́kànlá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ