Fọlákẹ́, ìró tìrẹ ti dé Iléṣà

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú ọ̀rọ̀ òtútù. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa. Màmá ní kí n kí ẹ, wọ́n ní tó o bá tún pè lórí fóònù, kó o má fi òyìnbó kí àwọn mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ṣé o rántí 2012, tó o máa ń pè mí láti Windsor ní Kánádà lóru pé nǹkan kan ń kùn, bí ìgbà tí akẹ́rù gúnlẹ̀ sójúde tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì, tó o bá sì yọjú, o ò ní rí akẹ́rù kankan? Mo ní kó o lọ sùn. Mo ní àárò ilé ló ń ṣe ẹ́. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé ẹ lórí. A ò jẹ́ kó o mọ̀. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Èmi náà ti gbọ́ tèmi báyìí.

Òru ni wọ́n ń mú iná wá ládùúgbò wa, torí náà òru ni mò ń ránṣọ. Àǹkárá tó o fi ránṣẹ́ ni mo gbé sórí máṣíìnì, mo kó pínnì sínú ìdérí agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kí n gé òwú. Máṣíìnì dákẹ́, pínnì ò dákẹ́. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń dún ṣin-ṣin-ṣin bíi kòkòrò tó há sínú agolo. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ lé símẹ́ńtì. Ilẹ̀ ń kùn! Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Orí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo wà tí nǹkan kan fi dún nísàlẹ̀, gbì, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí ọmọ odó bó lọ́wọ́ èèyàn ní yàrá kejì. Ajá onílé wa gbó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kálukú ti ní àlàyé tiẹ̀. Ẹnì kan ní òpin ayé ti dé. Ìyá alákàrà ní àwọn tí ń wa góòlù ní Ìtagúnmodi ti gbẹ́lẹ̀ títí, wọ́n ti fẹ́ kan ìdí ayé. Màmá ò sọ nǹkan kan.

Ọmọ onílé wa, tó kàwé nípa òkúta ní yunifásítì Ifẹ̀, kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí pínnì, ó jókòó. Ó ní ìró méjì ni mo gbọ́, kí n má sè wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń kùn ná. Lóru ọjọ́ kejì tí wọ́n mú iná lọ, àwa méjèèjì mú tọ́ọ̀ṣì, a ń tẹ̀ lé e láti òpópónà kan sí òmíràn. Ìyà jẹ wá, torí ohùn ìsàlẹ̀ báyẹn ń gba inú ògiri kọjá, etí kì í sì í mọ ọ̀nà tó gbà wá. Jẹnẹrétọ̀ òpó fóònù kan la bá nídìí ẹ̀ níkẹyìn, wọ́n gbé e lé orí àpáta gan-an. Àpáta ọ̀hún ló ń gbé ìró dé abẹ́ ilé mi. Mo ti lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n fi òwú dí etí.

Mo wá sọ tìrẹ fún ọmọkùnrin náà. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ní, “Windsor, ní Kánádà?” Ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ Zug Island, erékùṣù iléeṣẹ́ irin tó wà lódìkejì odò yín, ní Amẹ́ríkà. Ó mọ̀ pé ìjọba yín fowó ṣèwádìí, pé èsì tó jáde ní 2014 nawọ́ sí iná ìyọ́rin tó wà níbẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n pa iná náà ní 2020, ìró lọ. Ojú tì mí, Fọlákẹ́. Ọmọ kékeré tí kò mọ̀ ẹ́ rí gbà ẹ́ gbọ́, èmi tá a jọ sùn lórí ẹní kan náà ò gbà ẹ́ gbọ́.

Ti gbì yẹn ló kù. Ó ní àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti là lápá ọ̀dọ̀ wa níbí láti ayébáyé, pé ìlà ọ̀hún gba Ifẹ̀wàrà kọjá lọ sókè títí dé apá Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Ó ní tí àpáta líle bá sán díẹ̀ nítòsí ojú ilẹ̀, èèyàn lè gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ilé mì. Pé ìlú kan wà ní Connecticut tí wọ́n ń pè ní Moodus, látinú orúkọ tí àwọn onílẹ̀ sọ ibẹ̀ nítorí ariwo abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mẹ́nu ba Mpape ní Àbújá, tí ilẹ̀ mì ní September 2018. Àmọ́ kò fẹ́ kí n tètè gbà pé àpáta ni. Ó ní afẹ́fẹ́ tútù òru máa ń tẹ ìró wálẹ̀, ohun tó dún lọ́nà jíjìn á wá dà bí ohun tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Mo ní ta ló ń fọ́ òkúta láago kan òru? Kò rí èsì fún mi. Mo ti ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti dún.

Ìgbà tí ọmọkùnrin náà lọ tán ni Màmá tó lanu. Wọ́n ní ní 1984, tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn wà ní Ìbàdàn, àwọn gbọ́ ọ kedere tí àwo ń lu ara wọn nínú àpótí. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní orí wọn dàrú. Mo ní, “Màmá, ẹ sì gbààwẹ̀ fún Fọlákẹ́!” Wọ́n ní kí n gbé omi wá fún àwọn.

Jọ̀ọ́, wá bá mi wá ìwé tó o máa ń kọ tìrẹ sí nígbà yẹn, kí n wo bó o ṣe ń tò ó. Kó o sì wọn apá rẹ, kó o fi ránṣẹ́ kíá. Ìwọ̀n 2011 ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti rí fọ́tò tó o gbé jáde lóṣù tó kọjá.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá