Sí Olóòtú: Kí ẹni tí ó fẹ́ sin ejò olóró kọ́kọ́ wádìí ibi tí oògùn rẹ̀ wà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí mo ń rí láàárín díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ìlú Àkúrẹ́, èyíinì ni sísin ejò olóró nínú ilé bí ẹni ń sin ajá. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń gba àwọn àgbẹ̀ tí ejò ṣán nínú oko kòkó. N kò kórìíra ejò, n kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sìn ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò bá lè dárúkọ ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò rẹ̀ wà lónìí, tí kò sì mọ ẹni tí yóò gbé òun débẹ̀, kò tíì ṣetán láti mú ejò náà wọlé.

Abẹ́rẹ́ yìí, tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní antivenom, kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo ejò. Ara ẹṣin tàbí àgùntàn ni wọ́n ti ń rí i: wọn a máa fún ẹran náà ní oró ejò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi ní ohun tí ń bá oró náà jà, wọn a sì yọ ohun náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oró tí wọ́n bá fi ṣe é ni a lè fọkàn tán an lé lórí. EchiTAb-Plus-ICP tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Costa Rica fún wa ní Nàìjíríà, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: ti carpet viper tí ó pọ̀ ní ìhà Òkè-Ọya, ti puff adder, àti ti cobra ọlọ́rùn dúdú tí ń tu oró sí ènìyàn lójú. EchiTAbG tí ó ń ti ilẹ̀ Wales wá, carpet viper nìkan ni tirẹ̀. Ẹ wá wo igbó tiwa níhìn-ín. Mamba tí ń gbé orí igi wà níbẹ̀, cobra ńlá ti inú igbó, èyí tí kì í tutọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí oró ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì lára ohun tí wọ́n fi ṣe EchiTAb-Plus. Ọ̀dọ́ tí ó rí mamba rà lọ́wọ́ ọdẹ lè máa sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá ṣán òun, òun yóò sáré lọ gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wo? Ti ẹni tí ó ra ejò tí wọ́n kó wá láti òkè òkun tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní àwọn yóò ra tiwọn pamọ́ sílé. Mo yin èrò náà, ṣùgbọ́n antivenom olómi ní láti wà nínú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo wa ni a sì mọ bí iná mànàmáná ti ń ṣe wá. Ìgò kan kì í sábà tó. Inú iṣan ni a ń fún un sí, ara ẹlòmíràn sì lè kọ̀ ọ́ débi pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò wú, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé adrenaline, oògùn tí a fi ń dá irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ dúró, sí ìtòsí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò lè fún ara rẹ̀ ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn. Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà ń já sí, nítorí náà ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹni náà lọ bá dókítà kí ó tó ra ejò, kí ó sọ irú ejò tí ó fẹ́, kí wọ́n sì jọ kọ ohun tí wọn yóò ṣe sílẹ̀.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó máa ń dùn mí. Antivenom kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sì ga, àwọn tí ó sì tọ́ sí jù ni àgbẹ̀ Ìdànrè tí ń ṣa kòkó lórí ewé gbígbẹ, àti obìnrin tí ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ejò ṣíṣán mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì, wọ́n sì ṣírò pé ó ń pa láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn káàkiri ayé lọ́dọọdún, àwọn tí ó ń sọ di aláàbọ̀ ara sì tó ìlọ́po mẹ́ta iye náà. Àwọn yìí kò pe ejò wá. Ẹni tí ó fi owó ra ejò tirẹ̀, tí ó wá lo ìgò tí ilé ìwòsàn tọ́jú dè wọ́n, jẹ gbèsè, ó sì yẹ kí ó ti múra láti san án padà ní ìgò sí ìgò, kì í ṣe ní "ẹ ṣeun".

Ní ilé àwọn ayálégbé kan ní ìlú yìí, mo fi ojú ara mi rí ọká tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó sínú ike ọ̀dà. Ó fi pákó pẹlẹbẹ bò ó, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé e, ó sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ara ike náà kí ejò lè rí atẹ́gùn. Ejò náà ká jọ sí ìsàlẹ̀, ó sanra bí apá ọkùnrin, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé tí ó já sílẹ̀, kò sì mira ní gbogbo ìgbà tí a fi dúró níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan ń wa mọ́tò ìṣeré rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. "Ẹ má bẹ̀rù, Mà, ó ti mọ̀ mí," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Ejò kì í mọ olówó rẹ̀. Dídákẹ́ tí ọká dákẹ́ yẹn ni ó fi ń ṣọdẹ. Eyín rẹ̀, tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, gùn ju ti ejò èyíkéyìí lọ, ọwọ́ tí ó bá sì ń rùn bí eku lójú rẹ̀, eku ni. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ọmọ ejò níyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti ń wá sèbé tí yóò fi ṣe ẹnìkejì ọká náà.

Àpótí tí ó yẹ ejò olóró ni èyí tí ó ní dígí líle níwájú kí a lè rí ibi tí ejò wà kí a tó ṣí i, tí ó ní àgádágodo, tí ó sì wà nínú yàrá tí a ti dí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn rẹ̀ àti ihò ara ògiri rẹ̀ gbogbo. Kí a kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ejò náà sára àpótí, pẹ̀lú orúkọ oògùn rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù dókítà. Ìkọ́ onírin gígùn ni a fi ń gbé e, kì í ṣe ọwọ́, a kì í sì í ṣí àpótí náà bí kò bá sí àgbàlagbà mìíràn nínú ilé.

Àwọn tí ń sin ejò á tún sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n mú. Karl Schmidt mọ̀ ọ́n mú jù wọ́n lọ. Ọ̀gá onímọ̀ nípa ejò ni ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Field Museum ní Chicago. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, ọmọ ejò boomslang kan bù ú jẹ ní àtàǹpàkò. Ó wò ó pé ejò náà kéré, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé, ó sì ń kọ bí ó ti ń ṣe é sílẹ̀. Kò rí alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọmọ ejò olóró ti ní oró láti ọjọ́ tí a ti bí i. Àwọn tí ń yọ eyín ejò kí wọ́n lè máa fi ṣeré ńkọ́? Eyín mìíràn ń hù rọ́pò rẹ̀, kò sì ní kọ lẹ́tà sí wọn pé òun ti dé. Ẹ wo iye ọdún tí ọmọ ń lò lọ́dọ̀ télọ̀ kí ó tó ṣe fírídọ̀mù. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fẹ́ ìwé àṣẹ láti sin ejò olóró gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti fi wákàtí 1,000 kọ́ ọ. Kí àwọn tiwa náà kọ́kọ́ fi erè tàbí ejò mìíràn tí kò ní oró kọ́ iṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, lábẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ nípa ẹranko igbó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ níhìn-ín.

Ti aládùúgbò ńkọ́? Ní ìlú Herne ní Jámánì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, cobra kan jáde kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ń sìn ín, àwọn ará ilé ibẹ̀ sì kó jáde fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí i mú. Ní ilé tiwa, tí yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, tí balùwẹ̀ kan jẹ́ ti gbogbo ilé, ibo ni a ó kó lọ? Ẹni tí kò lè sọ fún onílé rẹ̀ ti mọ ìdáhùn onílé náà, kí ó fara mọ́ ọn. Bí ejò bá sì sá, kí ó pariwo ní wákàtí yẹn gan-an, kí ìtìjú má pa á lẹ́nu mọ́. Ejò tí a bá tọ́jú dáradára tún lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọ̀dọ́ tí yóò lọ sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ ní Sókótó, ta ni yóò fi í lé lọ́wọ́? Ìyá rẹ̀?

Bí ó bá ṣán ènìyàn, kí a má sín gbẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀, kí a má fi ẹnu fa oró, kí a má fi okùn dì í pinpin, kí a má fi òkúta dúdú lé e. Kí a bọ́ òrùka àti aago, kí a fi igi dá ẹsẹ̀ tàbí apá náà dúró, kí a sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Èyí tí ó tu oró sí ojú, omi púpọ̀ ni kí a fi fọ ojú náà lójú ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso ètò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn wo ni antivenom wà, irú èwo ni, àti ìgò mélòó, kí ẹ sì máa tẹ ìdáhùn wọn jáde lóṣooṣù. Mo sì rọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí yóò sin ejò olóró gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí dókítà kan àti onílé rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí ìwé náà kí ejò tó wọ ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.