Má fi abẹ bá aago sáré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé abẹ, èyí tó ń ká sínú èkù rẹ̀ tí a sì ń pọ́n lórí awọ, ni o fẹ́ máa fi fá irùngbọ̀n rẹ. Ibi tí o ti sọ pé ó ń pẹ́ ọ jù, tí o sì ti ń sáré ọwọ́ kí o lè tètè parí, ni kò dùn mọ́ mi nínú. Jọ̀wọ́, dáwọ́ rẹ̀ dúró kí ó tó fi àpá sí ọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹni tó mọ abẹ lò, tó ń tètè fá irùngbọ̀n tán, ọwọ́ rẹ̀ kì í sáré. Abẹ rẹ̀ kì í padà síbi tó ti kọjá ni. Ìwọ tí o ń fa abẹ lórí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí bí ọwọ́ rẹ ṣe lè yá tó tí o máa tètè parí, ara á sì bó.

Kí abẹ tó kan ara ni ìyára yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi omi lílọ́wọ́ọ́ rin irùngbọ̀n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí o tó fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ sí i. Irùn tó mu omi yó máa ń rọ̀, abẹ kì í bá a jà. Bí ọṣẹ bá gbẹ kí o tó dé ibẹ̀, tún òmíràn pa á. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù kí ọṣẹ má gbẹ wà lára ohun tó ń lé ọ sáré.

Tẹ́ abẹ pẹrẹsẹ sára, kí o wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, bíi dígírì 30. Bó bá ga jù, ara ni yóò máa gé. Bó bá tẹ́ jù, yóò máa fa irùn tu. Fi ọwọ́ kejì na awọ ara kó le bí awọ ìlù. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́ra rárá, ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ ti tó. Kí o má sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé, ìyẹn ló ń la ara. Bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, wàá gbọ́ tí irùn ń ró ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kí o fi abẹ fá. Fi rẹ́sà tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ parí ìyókù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́ ni kí o bọ́ sí ọrùn. Àgbọ̀n àti òkè ètè ló kẹ́yìn, torí egungun ibẹ̀ yí kọ́bọ́kọ́bọ́, irùn ibẹ̀ sì le. Ibi tí irùn dojú kọ ni kí abẹ máa lọ. Má tíì fá a lódìlódì: bí irùn rẹ bá jẹ́ èyí tó ń ká, ẹnu rẹ̀ tó ti mú á padà gún ara, á sì di kókó.

Ibi tí ìkánjú ti ń ba abẹ jẹ́ jù ni orí awọ tí a fi ń pọ́n ọn. Ẹ̀yìn abẹ ni kó ṣíwájú, kí ẹnu máa tẹ̀ lé e. Bí o bá dé òpin awọ, orí ẹ̀yìn náà ni kí o ti yí i padà. Ẹni tó bá yí i lórí ẹnu ti gé awọ, ó sì ti pa ẹnu abẹ. Mo mọ̀ pé o ti rí àwọn tó ń ṣe é wàràwàrà. Má wò wọ́n. Nígbà tí o bá ṣe tán, nù ún gbẹ dáadáa, torí irin rẹ̀ tètè ń dípẹtà.

Fá irùngbọ̀n rẹ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá ń pè ọ́, jẹ́ kí abẹ wà nínú àpò rẹ̀, kí o fi rẹ́sà jáde.

Kí o tó tún kọ̀wé, fi ìka pa irùn ọrùn rẹ nígbà tó bá gbẹ. Apá ibi tó bá ti ń dán ni irùn dojú kọ. Sọ fún mi bó ṣe lọ lọ́tùn-ún àti lósì, torí wọn kì í sábà rí bákan náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ