Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa rèé

Ìlọrin,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí baálé rẹ, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ṣé òtútù Kánádà ti ń dẹwọ́? Ní tiwa níbí, ooru ò jẹ́ ká sùn.

O bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ọkọ̀ wa ńkọ́, mo ní ó wà. Mi ò sọ tán, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Ìwọ lo fowó kún owó mi tí mo fi ra Corolla 2003 yẹn, kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún ọ.

Pọ́ńpù omi ló ń jò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi, ó ní kí n lọ ra pọ́ńpù tòkunbọ̀ ní títì Táíwò, mo rà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní iṣẹ́ ti parí. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó omi. Mo sọ fún un pé mò ń gbé ìyá mi lọ sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa lọ, á ṣọ́ wa bọ̀.

A kọjá Gánmọ̀, a kọjá Àmọ́yọ̀, Màmá ń sọ̀tàn ìgbà tí bàbá wa wà láyé. Bí a ṣe ń wọ Ìdọ́fíàn, mo wo géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn, ọwọ́ rẹ̀ ti gun òkè tán. Èéfín funfun ń tú lẹ́yìn ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi igi tútù dáná. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fọwọ́ di Màmá mú, mo mú un lọ jókòó sábẹ́ igi. O mọ̀ pé orúnkún ò jẹ́ kó lè rìn dáadáa mọ́.

Nígbà tó tutù, mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ. Ìyá Ìbejì, ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pá yẹn dà bí ògì bàbà tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ki, ó ń yọ̀ láàárín ìka mi. Omi ti bá ọ́ìlì pọ̀.

Ọkọ̀ míì ló fà wá padà sí Ìlọrin. Mẹkáníìkì kejì tú u, ó fi hàn mí: gásíkẹ́ẹ̀tì òkè, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi àti ọ́ìlì má baà pàdé, ti jóná. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn. Bí ooru bá ti pọ̀ jù, ṣe ló máa ń tẹ̀, omi á wá rí ojú ibi tó máa gbà wọ inú ọ́ìlì.

Mo padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́. “Àlájà, ọkọ̀ yín ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń dúró de kẹ̀kẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ lé mi, ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò wojú mi. Ó ní ọ̀gá ló gbé ọkọ̀ mi lọ jẹun lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì tíì de kílíìpù rọ́bà omi kó le. Rọ́bà yọ, omi dà nù, ọkọ̀ hó sójú títì. Kó lè tètè tutù, wọ́n rọ omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná. “Ọ̀gá ní ká má sọ, mà.”

Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe, mo lè fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ ọkùnrin yìí ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, ó sì mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé arúgbó ni mo fẹ́ gbé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tó bá gba ohun ìní rẹ láti ṣe é gbọ́dọ̀ dá a padà, kó má burú ju bó ṣe gbà á lọ. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó padà. Alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó pè wá jókòó, ó bá a wí gan-an. Gbogbo àtúnṣe jẹ́ ₦180,000, ó san ₦100,000 nínú rẹ̀, mo san ìyókù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti ń rìn, ọ́ìlì rẹ̀ sì mọ́.

Ọmọ yẹn ló kù lọ́kàn mi. Mi ò dárúkọ rẹ̀ níwájú alága. Mo ní mẹkáníìkì kejì ló rí gbogbo ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó ku ọdún kan kí ọmọ náà ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, kò sì ní irinṣẹ́ kankan tí í ṣe tirẹ̀. Bí baálé rẹ bá ní sípánà tí kò lò mọ́, bá mi kó o sínú ẹrù tí o máa fi ránṣẹ́ nígbà ọdún. Kódà mẹ́rin péré tó.

Màmá kí ọ gan-an.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Mùíbà.