Lẹ́tà sí Àkànní: Ìlú tí Wọ́n ti Ń Dìbò Yan Ọba

Genoa,
Ítálì.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni mo wà, mo sì gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé rí lọ́dọ̀ rẹ. Nínú lẹ́tà rẹ tí ó dé kẹ́yìn, o ní kí n sọ fún ọ bóyá òótọ́ ni pé ìlú kan wà níhìn-ín tí ó ní orílẹ̀-èdè ni òun, tí àwọn ará ìlú sì máa ń tò sórí ìlà láti dìbò yan ọba. Òótọ́ ni. Seborga ni wọ́n ń pè é, mo sì ti gun òkè débẹ̀.

Òkè náà ga tó nǹkan bí mítà 500, lẹ́yìn Bordighera, kò sì jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lónìí kò ju nǹkan bí 300 lọ, òdòdó gbígbìn sì ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, pàápàá mimosa aláwọ̀ ìyeyè. Bí o bá ti ń wọ ìlú, wàá rí ahéré ẹ̀ṣọ́ kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n kùn ní búlúù àti funfun bíi ti ẹnu ibodè gidi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìwé ìrìnnà. Wọ́n ní owó tiwọn, luigino, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà mẹ́fà. Orúkọ owó tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì, tí ó ni ìlú náà láyé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ níbẹ̀ ní ọdún 1666 ni wọ́n fi sọ ọ́.

Àwọn mọ́ńkì yìí kan náà ni ó ta ìlú náà fún ìdílé ọba Savoy, tí ó padà wá di ìdílé ọba Ítálì, ní ọdún 1729, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Giorgio Carbone, olórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùgbin òdòdó ìlú náà, ni ó gbé e jáde pé wọn kò fi títà yẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀ bí òfin ṣe fẹ́, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀, Ítálì kò lè jogún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rà. Àwọn ará ìlú gbà fún un, wọ́n sì yàn án ní Príńsì, bí wọ́n ṣe ń pe ọba wọn, ní ọdún 1963, orúkọ oyè rẹ̀ sì di Giorgio Kìíní. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ìwé òfin àti òmìnira wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, àwọn 304 ni ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn mẹ́rin péré ni ó ní rárá. Orí oyè ni Carbone wà títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009.

Ìjọba Ítálì kò dá wọn lóhùn. Ítálì ni wọ́n ń san owó orí fún, àwọn kan náà tí ń dìbò yan Príńsì ni ó sì tún ń dìbò yan méyọ̀ lábẹ́ òfin Ítálì. Méyọ̀ yìí ni ó ni àṣẹ lórí omi, ọ̀nà àti ìdọ̀tí. Mo mọ̀ pé wàá ní eré ni wọ́n ń ṣe láti fa àwọn àlejò tí ó ní owó lọ́wọ́ gòkè, èmi náà kò sì ní bá ọ jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn. Síbẹ̀, ìbò wọn ni mo fẹ́ kí o fi ojú sí.

Ronú sí i: nílé wa, ìdílé ọlọ́ba ni yóò fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ yóò mú ọ̀kan, gómìnà yóò sì gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́. Seborga kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 2006, obìnrin kan tí ó ní òun jẹ́ àrólé ìdílé ọba àtijọ́ kọ̀wé pé òun ni òun ni Seborga, òun sì fẹ́ dá a padà fún ìjọba Ítálì. Nígbà tí ó yá, ará Faransé kan tún jáde, ó pe ara rẹ̀ ní Príńsì ibẹ̀. Níbi tí ìjọba kankan láyé kò ti ní bá ọ fọwọ́ sí oyè, kí ni ó ya Príńsì tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn wọ̀nyí, bí kì í bá ṣe ìwé ìbò tí a kà? Kò sí ohun mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé wọn kò lè fi ìbò yẹn ṣeré, bí ìyókù tilẹ̀ jẹ́ eré.

Ọdún méje ni sáà kan báyìí. Marcello Menegatto ni wọ́n yàn ní oṣù Kẹrin ọdún 2010. Ní 2017 ó tún wọlé, nígbà tí Mark Dezzani, oníṣẹ́ rédíò kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá a du ipò náà. Lẹ́yìn ọdún méjì Marcello fi oyè sílẹ̀, èyí tí àwọn ọba tiwa kì í sáábà ṣe. Ìbò tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ni ó dùn mọ́ mi jù lọ. Obìnrin méjì ni ó jáde: Nina Menegatto, tí ó ti jẹ́ ìyàwó Marcello, tí ó sì ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wọn, àti Laura Di Bisceglie. Nina ní ìbò 122, Laura ní 69. Ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ lè ní orúkọ tí ó ju àpapọ̀ méjèèjì lọ. Bí ènìyàn 27 péré nínú àwọn tí ó yan Nina bá yí sí òdìkejì, Laura ni ì bá wọlé. Nínú ìlú tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí o dìbò takò ni wàá bá pàdé nídìí àga kọfí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mélòó sì ni ẹni tí kò ní mọ ẹ̀yìn ẹni tí o wà? Jámánì ni wọ́n ti bí Nina. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ìlú náà lára rẹ̀ rárá, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò gbé sórí oyè yẹn.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ oyè ìlú yín ṣì wà ní kóòtù, tí ìdílé kan ń pe ìdílé kejì ní àtọ̀húnrìnwá, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi: bí wọ́n bá gbé àpótí ìbò kalẹ̀ lọ́jà lọ́la, tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú dìbò, kí ẹni tí ó wọlé sì lo ọdún méje péré, ṣé ìwọ yóò jáde dìbò? Ta ni o sì rò pé yóò kọ́kọ́ gba kóòtù lọ?

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìṣọ̀lá.